Òkúta Tó Já Wọ Àtíbàbà Ìyá ní Alápòtí

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà. Mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nígbà tí ìyá tó bí mi kú, nítorí náà Ìyá ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà sì ń jẹ́ mi lóhùn bí ẹni tó bí mi. Alápòtí ló ń gbé, gàrí ló ń yan. Nídìí agbada gàrí yẹn ló ti rán mi níwèé débi tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ní yunifásítì. Nígbà tí mo ṣetán, mo ríṣẹ́ sí láàbù iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe táìlì ní Ṣàngó Ọ̀tà, ibẹ̀ ni mo sì wà títí di òní.

Iṣẹ́ náà kò le. Bí tírélà bá kó amọ̀ tàbí òkúta funfun dé láti òkè, èmi ni mo máa bù lára rẹ̀, n ó lọ̀ ọ́ kúnná, n ó sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Irin là ń sá fún jù, torí pé irin ló ń ba àwọ̀ táìlì jẹ́. Àwọn ará àdúgbò gbọ́ pé dókítà òkúta ni mí, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oríṣiríṣi òkúta wá bá mi. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ju ìdàrọ́ lọ, ìdọ̀tí tó máa ń ṣẹ́kù bí wọ́n bá yọ́ irin tán. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin àlòkù pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìdàrọ́ wọn ni wọ́n sì ń kó dí kòtò ojú ọ̀nà. Ó dúdú, ó wúwo, ó máa ń dán bí òjò bá pa á. Ẹni tó bá rí i á rò pé Ọlọ́run ti kẹ́ òun.

Ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ ayọ́rin yẹn ni ọkọ Ìyá ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Bàbá ni mo ń pè é. Ẹnu iná ìléru ló máa ń dúró sí, tí wọ́n á máa da irin sínú rẹ̀. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, a rò pé ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ kọjá, ikọ́ ò kọjá. Ó gbẹ títí tí bùbá rẹ̀ fi dà bí ohun tó yá wọ̀ lọ́rùn ẹlòmíì. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Ìyá pè mí lórí fóònù, kò sọ ju pé, "Máa bọ̀." Kí n tó dé, wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Iléeṣẹ́ rán ẹnì kan wá pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan. Ìyá kò jẹ nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe sìnkú tán ni Ìyá wọ tákàbà. Ẹni tó bá mọ ẹ̀sìn wa mọ̀ pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá kú kò gbọdọ̀ kúrò nílé ọkọ náà fún oṣù mẹ́rin ó lé. Inú ilé ni yóò wà, kò ní lọ sí ọjà, kò ní lọ síbi àríyá, kò ní kun àtíkè. Ìyàwó àbúrò Bàbá ló ń bá a yan ẹ̀gẹ́ tó ti wà nílẹ̀ kó má baà kan bàjẹ́. Àwọn méjèèjì ti ń yan gàrí pọ̀ tipẹ́, lábẹ́ àtíbàbà onípáànù kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Ọjọ́ kẹjọ ni fìdáù. Wọ́n tẹ́ ẹní sí iwájú ilé, Lèmọ́mù àdúgbò jókòó, àwọn alfa yí i ká, àwọn ẹbí Bàbá wà lórí àga. Oòrùn mú ganrín. Kò sí ìkúukùu kan lójú ọ̀run. Àkàrà ni mo ń pín fún àwọn èèyàn nígbà tí ohun kan bú lókè. Ìró yẹn, mi ò lè fi wé ohunkóhun àfi ìgbà tí ọkọ̀ agbépo gbiná nítòsí Toll Gate, tí fèrèsé gbogbo ilé gbọ̀n. Ó bú lẹ́ẹ̀kan, ó tún bú, a wá ń gbọ́ ìkùn kan bí ìgbà tí oyin bá ń ṣí lọ. Àwọn kan dojú bolẹ̀. Ẹnì kan kígbe pé iléeṣẹ́ ló bú gbàmù. Kí ó tó pa ẹnu dé, páànù àtíbàbà fọ́ gbàràgàdà, a sì gbọ́ ohùn irin tó kọlu irin.

Ìyàwó àbúrò Bàbá sá jáde láti inú àtíbàbà, eruku gàrí funfun kún orí rẹ̀. "Nǹkan já o! Nǹkan já láti òkè!"

Gbogbo wa dúró. Ìyá ló kọ́kọ́ lọ. Inú yàrá ló wà, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó ń pe obìnrin náà pé ṣé kò ṣèṣe, ó sì wọ inú àtíbàbà lọ tààrà. Mo sáré tẹ̀ lé e. Ihò ti lu sí páànù, ìtànṣán oòrùn gba ibẹ̀ wọlé. Etí agbada ti tẹ̀ wọnú. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ yẹ èèpo ẹ̀gẹ́ sápá kan, ó sì gbé òkúta kan jáde. Ó dúdú kirikiri. Ó tó orí ọmọ tuntun. Ó jáde síta pẹ̀lú rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó nà án sí mi.

"Ọmọ mi, wá wo nǹkan. Ìwọ lo mọ òkúta. Ó tutù."

Nínú gbogbo ohun tí Ìyá sọ láyé rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á.

Mo gba òkúta náà. Lóòótọ́, ó tutù. Lónìí mo lè ṣàlàyé rẹ̀: inú òfuurufú tó ti ń bọ̀ tutù ju yìnyín lọ, iná tó ràn án bó ṣe wọ inú afẹ́fẹ́ wa kò pẹ́ tó láti wọnú rẹ̀, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló jó. Ṣùgbọ́n èèyàn tó wà lórí ẹní fìdáù kò mọ ìyẹn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ohun tó bá já láti ọ̀run pẹ̀lú ariwo báyẹn, iná ni.

Àbúrò Bàbá dìde. Ọkùnrin tó ga ni, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. "Ẹ̀yin ará, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀," ó ní. "Kò jó o."

Bàbá àgbàlagbà kan láti inú ẹbí wọn ní, "Ẹdùn àrá nìyẹn."

Ẹlòmíì dá a lóhùn. "Àrá wo? Ṣé àrá ń sán lójú ọ̀run tó mọ́ báyìí?"

"Àfi èyí tí wọ́n bá rán."

Lèmọ́mù fi ọwọ́ lu ẹní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má da ọ̀rọ̀ òrìṣà mọ́ àdúà òkú." Ó sáré ka àdúà tó kù, a ṣe àmín, àwọn èèyàn gbé àkàrà wọn, wọ́n lọ. Àwọn tó ń lọ kò kí Ìyá.

Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ náà fi gba Alápòtí kan. Wọ́n ní ọ̀run ló wá tọ́ka sí ẹni tó pa ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán gbé iná, ó mọ ẹni tó rán an, wọ́n ní àjẹ́ ni. Àwọn tó ń ra gàrí lọ́wọ́ Ìyá kò yà mọ́. Àwọn ẹbí ọkọ ṣèpàdé, wọ́n ní kó máa lọ. Lèmọ́mù ló dúró níwájú wọn. Ó ní obìnrin tó wà nínú tákàbà, ilé ọkọ rẹ̀ ni Ọlọ́run ní kó wà, ẹni tó bá lé e jáde ti dẹ́ṣẹ̀. Wọ́n gbà. Àbúrò Bàbá ní, "Kò burú. Bí tákàbà bá parí, a ó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ."

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé àyè ló ṣí sílẹ̀ yẹn. Mo rò pé bí n bá lè fi ẹ̀rí sọ ohun tí òkúta yẹn jẹ́, tí mo sọ ọ́ ní èdè tó yé gbogbo èèyàn, ọ̀rọ̀ àjẹ́ á parí. Mo fi aṣọ tówẹ́ẹ̀lì di òkúta náà, mo gbé e lé ẹsẹ̀ mi lórí ọ̀kadà, mo gbé e lọ sí Ṣàngó.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró díẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì láàbù. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìdàrọ́ ni, bóyá láti ẹnu iléeṣẹ́ kan ló ti fò wá. Ìdàrọ́ máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ nínú bíi búrẹ́dì, torí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ nígbà tó ń yọ́. Òkúta yìí kò ní ihò kankan. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó fẹ́lẹ́ bí èédú ìdí ìkòkò, àwọn ibì kan sì tẹ̀ wọnú bí ìgbà tí èèyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀kọ tútù. Etí kan ti ṣí níbi tó ti kọlu agbada. Níbẹ̀, inú rẹ̀ rí bí eérú, bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà tí kò tíì gbẹ tán. Mo fi awò amúǹkantóbi wò ó. Mo rí àwọn èérún irin tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, mo sì rí àwọn wóró roboto kéékèèké, bí ọkà bàbà tí ẹnì kan pò mọ́ amọ̀.

Mo dìde lórí àga. Mo ti rí wóró wọ̀nyẹn rí nínú ìwé. Kò sí òkúta ayé yìí tó ń ní wọn.

Síbẹ̀ mo fara balẹ̀. Mo fi ìdánwò kan yẹ ìkejì wò. Mo fi òkúta náà fa ilà sí ẹ̀yìn táìlì tí wọn kò tíì fi dídán sí. Òkúta ayé tó bá ní irin tó báyẹn, ilà pupa tàbí dúdú ló máa ń fi sílẹ̀. Èyí kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Mo so òòfà mọ́ òwú, mo gbé e sún mọ́ ọn: òòfà náà yà sí i, ó lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò lẹ̀ pinpin bó ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ irin gidi. Ọ̀gá mi gbà mí láyè, mo lọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kúnná sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ sọ pé níkẹ́ẹ̀lì, irin kan tó wọ́pọ̀ nínú òkúta tó bá já láti ọ̀run, wà nínú irin rẹ̀. Ìdàrọ́ àdúgbò wa kì í ní irú rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní yunifásítì ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tí mo tú tówẹ́ẹ̀lì náà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ ná. Ó gé pẹlẹbẹ kan lára rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, wọ́n lọ̀ ọ́ títí ó fi fẹ́lẹ́ ju èékánná lọ, débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Ìgbà tí mo padà lọ, ó ní kí n wá wo inú maikirosíkóòpù. Ohun tó dà bí eérú lójú lásán ti di àwọ̀ oríṣiríṣi: búlúù, pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọ̀ ìyeyè. Ó ń fi ìka tọ́ka sí àwọn èròjà inú òkúta náà fún mi bí ẹni tó ń fi ọmọ rẹ̀ hàn mí.

"Èyí tó ń tàn gbòò yìí, olifíìnì ni. Èyí tó ní ilà ilà lára, pairosíìnì. Ibi tó dúdú tí ìmọ́lẹ̀ ò kọjá yẹn, irin ni. O rí i pé irin náà kò pọ̀?"

Mo ní mo rí i.

"Ọ̀nà méjì la fi ń to irú òkúta yìí sí ẹgbẹ́ rẹ̀," ó ní. "Àkọ́kọ́, báwo ni irin rẹ̀ ṣe pọ̀ sí? Àwọn kan wà tí irin wọn pọ̀, àwọn kan wà tó níwọ̀n, àwọn kan sì wà tí kò ní tó bẹ́ẹ̀. Tìrẹ wà lọ́dọ̀ àwọn tí irin wọn níwọ̀n. Ìkejì, báwo ni wóró rẹ̀ ṣe hàn sí? Bí òkúta náà bá ti ń jóná lábẹ́lẹ̀ níbi tó ti wá, wóró á máa yọ́ mọ́ ara wọn. Tìrẹ ṣì hàn, ṣùgbọ́n etí wọn ti ń pa rẹ́. Ó ti rí iná, kò wá jóná tán." Ó gbójú sókè. "Kò sí ohun tó dàgbà tó o ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Kí ayé yìí tó gbó, ó ti wà. Ibo lo ti rí i?"

Mo sọ fún un.

"Ṣé ó ba ẹnikẹ́ni?"

Mo ní, "Ó ba ẹnì kan, sà."

Ó rò pé ara ni mò ń sọ. Ó káàánú, ó béèrè bóyá wọ́n ti gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn.

Mo fi apá tó tóbi jù nínú òkúta náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo mú èyí tó kéré, mo lọ bá Ìyá ní Alápòtí. Ó ti rù. Orí àpótí ìdáná ló jókòó, ó ń yọ ẹ̀gúsí tí kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo fi wóró roboto hàn án. Ó gbọ́ mi tán pátá.

"Ṣé ó lójú?" ó ní.

"Kò lójú, Ìyá. Òkúta lásán ni."

"O ní ó ti ń bọ̀ látìgbà wo?"

"Kí ayé tó dáyé."

"Gbogbo ìgbà tó ń bọ̀ yẹn, ilé mi ló ń bọ̀?"

"Kì í ṣe ilé yín. Kò mọ̀ pé ilé yín wà. Ó kàn ń rìn lọ ni, ayé wa wá pàdé rẹ̀."

Ó mi orí. Ó yọ ẹ̀gúsí mélòó kan sí i. Ó wá sọ̀rọ̀ láìwò mí. "Nígbà tí mo gbé e lọ́jọ́ náà, mo ní ó tutù. Bó ṣe tutù ni bàbá yín ṣe tutù nígbà tí mo fọwọ́ kan àyà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Bákan náà. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé o mọ̀ pé ó fẹ́ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀? Ó ní ìléru ń jẹ òun láyà. Èmi ni mo ní kó ní sùúrù títí ọdún yóò fi yípo. Èmi ni."

"Ìyá, ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń sọ. Àjẹ́ ni wọ́n ń pè yín."

"Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè mí." Ó da ẹ̀gúsí sínú àwo. "Orúkọ yẹn kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kó padà síbẹ̀."

Mo sọ̀rọ̀ títí, mo ní iléeṣẹ́ ló pa á, mo ní èéfín irin ló wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, mo ní ẹnikẹ́ni tó wà nípò rẹ̀ á ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó ń dá mi lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," bí a ṣe ń dá ọmọdé tó ń kàwé sétí wa lóhùn.

Nígbà tí tákàbà kù díẹ̀ kó parí, mo bẹ Lèmọ́mù kó bá mi pe àwọn ẹbí jọ. Iwájú ilé yẹn náà ni a jókòó sí. Olórí ẹbí wà níbẹ̀, àbúrò Bàbá wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ìyá kò jáde, ojú fèrèsé ló wà. Mo gbé òkúta sórí àga, mo gbé ìdàrọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè rí ìyàtọ̀, mo sì gbé ẹdùn àrá kan tí mo yá lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ọ̀tà síbẹ̀ pẹ̀lú. Mo fi hàn wọ́n pé ẹdùn àrá ní ẹnu bí àáké, pé èèyàn ló gbẹ́ ẹ láyé ìgbà kan. Mo ní èyí tó já yìí, ọwọ́ èèyàn kò kàn án rí. Mo sọ nípa irin inú rẹ̀ àti wóró rẹ̀. Mo ṣàlàyé ìdí tó fi tutù. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà, kò ní jó o, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́.

Wọ́n fetí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bú mi. Àwọn kan tilẹ̀ gbé e wò, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń ní, "Ó mà wúwo o." Mo rò pé ó ti yé wọn.

Àbúrò Bàbá ló wá sọ̀rọ̀. "Àǹtí oníwèé, a gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ. O ṣe é dáadáa. O ní òkúta yìí ti ń rìn kiri lójú ọ̀run kí Ádámọ̀ tó délé ayé. O ní kò sẹ́ni tó jù ú. Ó dáa. Látọjọ́ tó ti ń rìn, kò rí igbó já sí. Kò rí odò já sí. Kò rí gbogbo ọ̀nà Ìdìrókò já sí. Àtíbàbà ìyàwó ẹni tó kú ló rí, lọ́jọ́ tí à ń ṣàdúà fún òkú náà gan-an. Ìwé yín sọ ìdí ìyẹn?"

"Kò sí ìdí kankan," mo ní. "Ó kàn bọ́ síbẹ̀ ni."

Olórí ẹbí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àánú. "Ọmọ mi, kò sí ohun tó kàn ń bọ́ síbìkan láyé yìí."

Lèmọ́mù ní, "Kádàrá ni."

"Kádàrá ta ni, Alfa?" Àbúrò Bàbá yíjú sí i. "Ti ẹ̀gbọ́n mi ni àbí ti ìyàwó rẹ̀?"

Lèmọ́mù wo ilẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn ẹbí yẹn ni mọ́ṣáláṣí rẹ̀ wà. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìbéèrè tí mo fi gbogbo oṣù yẹn wá ìdáhùn sí, wọn kò bi mí rí. Ohun tí òkúta jẹ́ ni mo lọ wádìí. Ẹni tó rán an ni wọ́n fẹ́ mọ̀, wọ́n sì ti ní ìdáhùn tiwọn tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí tákàbà parí, Ìyá wẹ̀, ó wọ aṣọ mímọ́, ó kírun. Nígbà tó fi máa ṣe sàlámà tán, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ síta: àpótí aṣọ rẹ̀, ajọ̀, fìlà Bàbá kan tó ní òun fẹ́ mú. Agbada tí etí rẹ̀ tẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, wọ́n ní kò dára kí a gbé e kọjá lójú ọ̀nà. Ìyá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó yí sí ibojì ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó wá wọ inú ọkọ̀ tí mo gbà.

Yàrá méjì ni mo ní ní Ṣàngó, kò jìnnà sí Toll Gate. Ariwo ibẹ̀ kì í dáwọ́ dúró: fèrè ọkọ̀, àwọn tó ń pe èrò, agogo alágbo. Ìyá tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lábẹ́ igi ní Alápòtí máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò ní wo ojú títì, kò ní wo inú ilé. Mo ra agbada tuntun fún un. Ó yan gàrí, ó gbé e lọ sí ọjà Ọ̀tà. Ẹnì kan láti Alápòtí rí i níbẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ òkúta náà fún ẹni tó jókòó tì í. Gàrí náà ló rù padà sílé. Kò yan mọ́.

Ó ń kírun, ó ń jẹun bí mo bá bẹ̀ ẹ́. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, wọ́n fún un lóògùn. Ó ń lò ó níṣojú mi. Nígbà kan tí mo ń tún ibùsùn rẹ̀ ṣe, mo rí hóró oògùn náà mélòó kan lábẹ́ ẹní. Mi ò bá a wí. Mo jókòó tì í, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, nítorí tèmi." Ó ní, "Nítorí tìrẹ, n ó lò ó." Bóyá ó lò ó, bóyá kò lò ó, mi ò mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni aládùúgbò mi pè mí níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé, ẹnu Ìyá ti wọ́ sápá kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò dìde mọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Ó ṣì ń gbọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò yé mi, ó sì ń sọ ọ́ léraléra, gbólóhùn kan náà, omi ń jáde lójú rẹ̀ torí pé mi ò lóye. Mo da etí mi bo ẹnu rẹ̀. Mo dárúkọ gbogbo ohun tí mo lè rò fún un: omi ni? aṣọ ni? ìrora ni? Bàbá ni? Ó ń mi orí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kú kí ààwẹ̀ tó wọlé, mi ò sì mọ ohun tó ń sọ.

Mo ránṣẹ́ sí Alápòtí pé kí wọ́n jẹ́ kí a sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Wọn kò gbà. Itẹ́ òkú Mùsùlùmí ní Ọ̀tà la sin ín sí. Lèmọ́mù wá, òun nìkan, lórí ọ̀kadà, eruku kún jàlámíà rẹ̀. Òun ló kírun sí i lára. Nígbà tí a ń fọ ẹsẹ̀ wa, ó ní, "Mo sọ ohun tí agbára mi mọ."

Mo ní, "Mo mọ̀, Alfa. Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

Àánú rẹ̀ kò jẹ́ kí n sọ pé ohun tó sọ kò tó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n pè mí lẹ́yìn náà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lókè òkun ti yẹ òkúta náà wò, wọ́n sì gbà pé ẹgbẹ́ tí òun tò ó sí ló wà. Ó fẹ́ kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe já. Mo ní n ó wá. Títí di ìsinsìnyí, mi ò tíì lọ.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń dúró de ọkọ̀ ní Toll Gate, mo gbọ́ tí ẹnì kan kí mi lẹ́yìn. Ìyàwó àbúrò Bàbá ni. Ó di ẹrù sí orí. Ó rọra tẹ orúnkún, bẹ́ẹ̀ ó dàgbà jù mí lọ.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ó ní. "Mo gbọ́. Mi ò lè wá."

"Ẹ ṣeun, mà. Ilé ńkọ́?"

"A ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ta gbogbo ìlà yẹn. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀."

Mo bi í nípa ibojì tó wà lẹ́yìn ilé. Ó ń wo ọkọ̀ tó ń bọ̀, kọ́ńdọ́kítọ̀ ń pe Ìyànà-Iyèsì, ó ní tòun nìyẹn. Mo bá a gbé ẹrù rẹ̀ wọnú ọkọ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọkọ̀ sì gbé e lọ.